Ta Ni Yóò Tọ́jú Òróró Fìtílà Wa?

Ní oṣù yìí a fẹ́ bá yín gbé ọ̀ràn kan yẹ̀ wò tí ó kan gbogbo ilé, ìbáà ṣe ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní àárín ìlú Àkúrẹ́, tàbí ahéré àgbẹ̀ kòkó ní ẹ̀yìn odi Oǹdó. Ọ̀ràn náà ni ti iná: iná tí a fi ń ríran ní òru, iná tí a fi ń se oúnjẹ, àti agbára tí ń yí ẹ̀rọ tí ó sì ń wa ọkọ̀. Kí ni ó ń mú un wọ́n? Ta ni ó sì jẹ gbèsè ìtọ́jú rẹ̀ níwájú Ọlọ́run àti níwájú ènìyàn?

Kò sí olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi tí kò tíì kọ́ àwọn ọmọ ní òwe àwọn wúńdíá mẹ́wàá, èyí tí Mátíù Mímọ́ kọ sílẹ̀ ní orí 25 Ìhìnrere rẹ̀. Márùn-ún gbọ́n, márùn-ún kò gbọ́n. Ọkọ ìyàwó pẹ́ kí ó tó dé. Ní ọ̀gànjọ́ òru igbe ta, àwọn aláìgbọ́n rí i pé fìtílà wọn ń kú lọ, wọ́n sì bẹ àwọn ẹgbẹ́ wọn fún òróró díẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí kò fún wọn. Níbẹ̀ ni ọmọ tí ó ní làákàyè máa ń nawọ́ sókè láti bi olùkọ́ rẹ̀ pé: Ǹjẹ́ àwọn ọlọ́gbọ́n wọ̀nyí kò ha ṣe ahun bí? Olùkọ́ a sì dáhùn pé ohun ti ẹ̀mí ni òróró náà dúró fún, àti pé a kì í yá ìgbàgbọ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ìdáhùn náà tọ̀nà, a kò sì ní yí i padà. Síbẹ̀ ìbéèrè ọmọ náà kò tíì tán nílẹ̀. Ní òpópónà kan náà ní ìlú wa, ẹni tí fìtílà rẹ̀ ń tàn láti alẹ́ di òwúrọ̀ ń gbé ní ẹ̀gbẹ́ ẹni tí ó wà nínú òkùnkùn, ògiri kan ṣoṣo ni ó sì là wọ́n láàárín. Kí ni èkínní jẹ èkejì? Kí a tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí ọ̀ràn náà ti rí.

Ní àtijọ́, nǹkan ìdáná kò jìnnà sí ẹni tí ń lò ó. Igi wà ní oko, epo wà nínú àtùpà, olúkúlùkù ilé sì ni ó ń ṣọ́ ẹ̀yinná tirẹ̀. Bí iná ilé kan bá kú, wọn a rán ọmọ kékeré pẹ̀lú àpáàdì kí ó lọ fọn iná wá ní ilé kejì. A kò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni fi iná du ọmọnìkejì rẹ̀, nítorí pé iná tí a bù fún ẹlòmíràn kò dín ti ẹni kù. Lẹ́yìn náà ni epo òyìnbó dé nínú agolo, ó sì di ohun tí a ń fi owó rà, tí ń ti òkè òkun wá. Láti ọjọ́ náà ni ìmọ́lẹ̀ ilé wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í wà lọ́wọ́ àwọn tí a kò mọ̀ rí.

Iná mànàmáná tún mú ọ̀nà náà gùn sí i. Ní 1896 ni a kọ́kọ́ tàn án ní Èkó. Ní 1950 ni òfin dá àjọ kan sílẹ̀ láti máa bójú tó o ní gbogbo Nàìjíríà. Ní 1968 ni ìsédò Kainji bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè iná láti inú Odò Ọya. Ní 1972 ni a da àwọn àjọ iná pọ̀ di NEPA, ní 2005 a yí orúkọ náà padà, nígbà tí ó sì di oṣù Kọkànlá 2013, ìjọba fi ìpèsè iná àti pínpín rẹ̀ lé àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́. Lónìí, omi ní Kainji, Jẹ́bà àti Ṣìrórò ni ó ń pèsè apá kan nínú iná wa. Apá tí ó pọ̀ jù ni gáàsì tí a ń wà jáde ní ìhà Niger Delta ń pèsè, tí a ń fi ọ̀pá gbé lọ sí àwọn ilé iṣẹ́ amúnáwá, tí iná rẹ̀ sì ń gba orí wáyà kọjá nínú igbó àti lórí odò kí ó tó dé Àkúrẹ́. Kí obìnrin kan tó lè lọ ata pẹ̀lú ẹ̀rọ ní Ọjà Ọba, a ní láti rí ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ènìyàn tí yóò ṣe iṣẹ́ wọn ní òótọ́ ní ọjọ́ kan náà, láti ẹnu kànga gáàsì títí dé ìdí òpó tí ó wà ní iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Igi kan kì í dá igbó ṣe. Bí ẹnì kan bá kùnà nínú wọn, ata náà yóò wà lójú kan.

Àwọn àgbà a máa wí pé ẹni tí ó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí a ka àwọn kòtò tí àwọn orílẹ̀-èdè ti jìn sí nípa ọ̀ràn yìí.

Kòtò èkínní ni ojú ọ̀nà tóóró. Ní ìlà-oòrùn ayé, láàárín ilẹ̀ Páṣíà àti ilẹ̀ àwọn Lárúbáwá, omi kan wà tí a ń pè ní Hormuz. Ní 2024, nǹkan bí 20 mílíọ̀nù àgbá epo ni ó ń gba ibẹ̀ kọjá ní ojoojúmọ́, èyí tí í ṣe nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo epo tí ayé ń lò. Bí ìbẹ̀rù bá dé bá àwọn ọkọ̀ ojú omi níbẹ̀, awakọ̀ tí ó ń ná ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Oǹdó, tí kò gbọ́ orúkọ ibẹ̀ rí, yóò mọ̀ ọ́n lára. Ní ẹ̀bá ilé wa níhìn-ín, ọ̀pá gáàsì kan wà lábẹ́ òkun láti Nàìjíríà lọ sí Benin, Togo àti Ghana. Ní oṣù Kẹjọ 2012, àwọn ajalèlókun ba ọ̀pá náà jẹ́ ní iwájú Lomé, àwọn ará Ghana sì jẹ ìyà òkùnkùn fún ọ̀pọ̀ oṣù nítorí ohun tí ìwọ̀nba ènìyàn ṣe lójú omi tí kì í ṣe tiwọn. Orílẹ̀-èdè tí ó fi gbogbo ohun tí ó ní lé ọ̀nà kan ṣoṣo ti fi ọ̀bẹ lé ọ̀tá lọ́wọ́.

Kòtò kejì ni ìjà. Ní 1973, àwọn ọba àti ìjọba ilẹ̀ Lárúbáwá dá epo dúró fún Amẹ́ríkà àti àwọn mìíràn nítorí ogun Ísírẹ́lì. Láàárín oṣù díẹ̀ iye owó epo di ìlọ́po mẹ́rin. Ní 2022, nígbà tí Rọ́ṣíà gbógun ti Ukraine, gáàsì tí ó ń ti Rọ́ṣíà lọ sí ilẹ̀ Yúróòpù dín kù gidigidi, àwọn ọlọ́rọ̀ orílẹ̀-èdè sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye pákó tí ó kù nínú àká wọn kí òtútù tó dé. Kí a má sì ṣe rò pé àwa nìkan ni a máa ń jẹ irú ìyà yìí lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ní oṣù Kẹjọ 2023, lẹ́yìn tí àwọn ológun gba ìjọba ní Niger, Nàìjíríà gé iná tí ó ń tà fún orílẹ̀-èdè náà, apá púpọ̀ nínú ìlú Niamey sì wọ inú òkùnkùn. Àwọn ológun ni a fẹ́ bá wí. Ṣùgbọ́n ìyá tí ó ń rọbí ní ilé ìwòsàn kò bá wọn gba ìjọba. Èyí yẹ kí ó dun ọkàn Kristẹni, kí ó sì mú un bèèrè bóyá ìmọ́lẹ̀ jẹ́ ohun tí ó tọ́ láti fi na aládùúgbò ẹni.

Kòtò kẹta ni àìtọ́jú ohun tí a ní. Nàìjíríà kọ́ ilé ìfọpo sí Port Harcourt ní 1965, sí Warri ní 1978, àti sí Kaduna ní 1980. Ọlọ́run fi epo rọ̀bì sí abẹ́ ilẹ̀ wa, a sì ní ohun èlò láti fọ̀ ọ́. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ọdún kọjá tí àwọn ilé ìfọpo wọ̀nyí wà ní òkú, tí a ń ta epo rọ̀bì fún àwọn ará òkèèrè, tí a sì ń ra bẹntiróòlù padà lọ́wọ́ wọn. Ó dà bí ẹni tí ó ní oko iṣu tí ó ń ra èlùbọ́ lọ́jà. Ní oṣù Kẹsàn-án 2024 ni ilé ìfọpo ńlá ti Dangote ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí bẹ̀rẹ̀ sí í ta bẹntiróòlù, èyí tí í ṣe ohun ìdùnnú. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ náà kò yí padà: bí a bá kọ́ ohun titun tí a kò sì kọ́ ìwà ìtọ́jú, ohun titun náà yóò di ògbólógbòó ní ojú wa.

Kòtò kẹrin ni olè àti ìbàjẹ́. Ní oṣù Kejì 2016, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí inú ń bí fọ́ ọ̀pá epo Forcados, gáàsì tí ń lọ sí ilé iṣẹ́ amúnáwá dín kù, iná orílẹ̀-èdè sì rẹ̀yìn gidigidi. Ní oṣù Kẹwàá 2024, àwọn kan ba wáyà ńlá tí ó ti Ṣìrórò lọ sí Kaduna jẹ́, ìhà Àríwá sì wà nínú òkùnkùn fún èyí tí ó ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Ní ọdún kan náà, nǹkan bí ìgbà méjìlá ni gbogbo okùn iná orílẹ̀-èdè já lulẹ̀, nígbà mìíràn nítorí olè, nígbà mìíràn nítorí pé ohun èlò ti gbó. Nàìjíríà tí ènìyàn inú rẹ̀ ju 200 mílíọ̀nù lọ ní àwọn ilé iṣẹ́ tí ó lè pèsè nǹkan bí 13,000 mẹ́gáwáàtì ní orí ìwé, ṣùgbọ́n èyí tí ń dé ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn kì í sábà kọjá 4,000 tàbí 5,000.

Kòtò karùn-ún ni ó súnmọ́ ilé jùlọ, òun ni àwa fúnra wa. Ẹni tí ó fi wáyà kọjá ẹ̀gbẹ́ mítà kí ó má ba san owó, ẹni tí ó bu epo inú tiransifọ́mà tà, oníbẹntiróòlù tí ó ti ilẹ̀kùn mọ́ epo nígbà tí ó gbọ́ pé yóò wọ́n lọ́la, àti àwa tí a ń rà á ní kẹ́ẹ̀gì mẹ́wàá tí a sì ń tọ́jú rẹ̀ sí yàrá nígbà tí kẹ́ẹ̀gì kan tó wa, gbogbo wọn ń gbẹ́ kòtò kan náà. Inú wa a máa bàjẹ́ láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n nínú àwọn tí ń ṣe bẹ́ẹ̀, a rí àwọn tí ń jókòó pẹ̀lú wa níbi oúnjẹ Olúwa.

Kí a tó kúrò lórí èyí, ẹ jẹ́ kí a wo ìhà gúúsù Ìpínlẹ̀ Oǹdó tiwa. Ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, epo rọ̀bì wà. Ní Ọmọtọ́ṣọ̀ọ́, ní agbègbè Òkìtìpupa, ilé iṣẹ́ amúnáwá kan wà tí a ṣí ní 2007, tí ó lè pèsè èyí tí ó ju 300 mẹ́gáwáàtì lọ. Síbẹ̀ ó tó ọdún mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ tí ọ̀pọ̀ ìlú ní Òkìtìpupa, Ìlàjẹ, Ìrèlè àti Ẹsẹ̀-Odò fi wà láìní iná mànàmáná rárá, tí iná tí a ṣe ní ẹ̀bá ilé wọn ń gba orí wọn kọjá lọ sí ibòmíràn. Àwọn ọmọ dàgbà níbẹ̀, wọ́n parí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọn kò sì rí kí gílóòbù tàn nínú ilé bí kò ṣe pẹ̀lú ẹ̀rọ amúnáwá ẹnì kan. Ní oṣù Karùn-ún 2020 pẹ̀lú, kànga epo kan tí a ń pè ní Ororo-1 bú gbàmù lójú òkun nítòsí Awoye, iná rẹ̀ sì ń jó fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Ẹ rò ó wò: apẹja Ìlàjẹ kan lè rí iná tí ń jó lásán lórí omi tí ó fi ń wá oúnjẹ, kí ó sì padà sí ilé tí kò ní ìmọ́lẹ̀. Àìní kọ́ ni a lè pe èyí. Ohun tí ó wọ́n níbẹ̀ ni òdodo.

Nísinsìnyí a dé ibi ìbéèrè wa. Nígbà tí iná gbogbogbò kùnà, olúkúlùkù sá lọ wá tirẹ̀. Ẹni tí ó ní owó ra ẹ̀rọ amúnáwá ńlá, ẹni tí owó rẹ̀ kéré ra kékeré. Ní ìsinsìnyí àwọn tí ó lè ṣe é ti ń gbé àwo agbára oòrùn sórí òrùlé. Ǹjẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni? Rárá o. Ẹni tí ó pèsè fún ilé rẹ̀ ṣe ohun tí Ìwé Mímọ́ pa láṣẹ, àwọn wúńdíá ọlọ́gbọ́n pẹ̀lú ni a sì yìn. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ṣùgbọ́n ewu kan lúgọ sí inú ìpèsè yìí. Nígbà tí iná tiwa bá ti ń tàn, ọ̀ràn iná ìlú kì í dùn wá mọ́. Ìpàdé àdúgbò lórí tiransifọ́mà a di ti àwọn tálákà. Àwọn tí ohùn wọn lè dé ọ̀dọ̀ ìjọba ni wọ́n kọ́kọ́ dákẹ́, nítorí pé wọn kò sí nínú òkùnkùn. Nígbà tí àwọn alágbára bá jáde kúrò nínú ọkọ̀ kan, ta ni yóò gbọ́n omi inú rẹ̀ dànù?

Ìpèsè àdáni pàápàá kò sì gbà wá tán. Ariwo ẹ̀rọ wa kò jẹ́ kí aládùúgbò sùn. Èéfín rẹ̀ wọ yàrá rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni a sì ti gbọ́ ní ilẹ̀ wa nípa ìdílé tí ó tan ẹ̀rọ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tí wọn kò sì jí ní òwúrọ̀. Ní ti àwọn tí kò lè ra ẹ̀rọ tàbí gáàsì ìdáná, èédú àti igi ni wọ́n padà sí. Igbó ìjọba Àkúrẹ́-Ofosu tí ó kún fún igi ńláńlá ní ìgbà kan ti dín kù gidigidi lọ́wọ́ agégi àti lọ́wọ́ oko. Bí igbó bá tán, iná tálákà ni yóò kọ́kọ́ kú.

Ẹlòmíràn yóò wí fún wa pé: Ẹ̀yin oníwàásù, kí ni ẹ wí sí owó tí wọ́n ń fi ojú díwọ̀n lé wa lórí láìsí mítà, fún iná tí a kò rí? Bí wọ́n ti ń jà wá lólè, kí ló dé tí àwa náà kò fi ní mú tiwa padà? A kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ yìí. Gbígba owó ohun tí a kò tà jẹ́ òṣùwọ̀n èké, ó sì jẹ́ ìríra. Kí ẹni tí a bá rẹ́ jẹ fi ẹjọ́ sùn, kí àdúgbò para pọ̀ kọ ìwé, kí wọ́n kọ̀ láti san owó èké ní gbangba pẹ̀lú orúkọ wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jí iná ní òru kò gba nǹkan kan padà lọ́wọ́ ẹni tí ó rẹ́ ẹ jẹ. Lórí aládùúgbò tí ó ń san tirẹ̀ ni ó di ẹrù náà lé, àti lórí tiransifọ́mà tí kò lè gbé iye ilé tí a fi pamọ́ fún un. Ọ̀tọ̀ ni kí a bá alágbára jà, ọ̀tọ̀ ni kí a ja aláìlágbára lólè.

Ẹlòmíràn yóò bèèrè ní ti iye owó. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023, Ààrẹ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, láàárín ọjọ́ díẹ̀ iye owó bẹntiróòlù sì ju ìlọ́po méjì lọ. Ní oṣù Kẹrin 2024, a gbé owó iná fún àwọn tí a ṣèlérí wákàtí 20 lójúmọ́ fún láti nǹkan bí 68 náírà sí 225 náírà lórí ìwọ̀n kan. Àwọn kan wí pé ó tọ́, nítorí pé ohun tí a ń tà ní àdánù kì í pẹ́ kí ó tó tán, àti pé àwọn ọlọ́kọ̀ àti àwọn olówó ni ó ń jẹ èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìrànwọ́ náà. Àwọn mìíràn wí pé ìmọ́lẹ̀ tí ó ń lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ó lè san owó nìkan ti di ọjà ọlọ́lá. Àwa gbà pé òtítọ́ wà ní ọwọ́ méjèèjì. Kò sí fìtílà tí yóò tàn láìsí ẹni tí ó ra òróró. Ṣùgbọ́n ìjọba tí ó bá mú owó kúrò lórí epo jẹ gbèsè láti fi hàn, ní gbangba àti ní kedere, ibi tí owó náà wọ̀, àti ohun tí ó ṣe fún opó tí ń ta ẹja tútù tí ẹ̀rọ amóhuntutù rẹ̀ ti dákẹ́.

Àwọn kan a sì máa wí pé Abùjá ni ọ̀ràn yìí wà, kí ni tiwa níbẹ̀? Ọ̀rọ̀ náà lè gba àforíjì ní àtijọ́. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹta 2023 a tún ìwé òfin orílẹ̀-èdè ṣe, òfin iná tuntun sì tẹ̀lé e ní oṣù Kẹfà ọdún náà, tí ó fi jẹ́ pé ìpínlẹ̀ lè ṣe iná, kí ó gbé e, kí ó sì pín in. Ní 2024, Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí ó kọ́kọ́ gba àbójútó ọjà iná ti ara wọn. Ẹni tí a ó bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ti súnmọ́ tòsí. Ó wà ní Àkúrẹ́, ó sì lè jẹ́ ọmọ ìjọ wa.

Nítorí náà, kí ni a ó dá ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi náà lóhùn? Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí wákàtí tí a bèèrè òróró náà. Ọ̀gànjọ́ òru ni. Ní wákàtí náà, ohun tí ó wà nínú kólòbó àwọn ọlọ́gbọ́n kò tó ènìyàn mẹ́wàá mọ́. Bí wọ́n bá pín in, fìtílà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni yóò kú lójú ọ̀nà. Wọn kò ṣe ahun. Ọjọ́ ti lọ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀sán ti wà ṣáájú òru náà, nígbà tí ìsọ̀ àwọn tí ń ta òróró ṣí sílẹ̀, tí àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sì ń rìn pọ̀. Òwe náà kò sọ fún wa bóyá ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́gbọ́n yíjú sí ẹgbẹ́ rẹ̀ pé, Arábìnrin, èmi kò rí kólòbó lọ́wọ́ rẹ. A kò ní fi kún ohun tí a kọ. Ṣùgbọ́n ohun tí òwe náà dákẹ́ lé lórí, àwa lè bi ara wa nípa rẹ̀. Àwọn baba wa wí pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kì yóò jẹ́ kí a sùn ní òru.

Èyí ni èrò wa lórí ọ̀ràn náà. Gbèsè tí ẹni tí ó ní ìmọ́lẹ̀ jẹ ẹni tí kò ní, gbèsè ọ̀sán ni. Bí òru bá ti dé, tí ogun ti sé ojú omi, tí okùn iná ti já, tí epo ti tán ní gbogbo ilé epo, ohun tí ọlọ́gbọ́n lè fi fúnni kéré. Ọ̀sán ni a ń tún ilé ìfọpo ṣe, kí ó tó kú. Ọ̀sán ni a ń ṣọ́ wáyà. Ọ̀sán ni a ń wá ọ̀nà kejì àti ìkẹta, láti inú omi, láti inú oòrùn àti láti inú gáàsì, kí a má ba fi gbogbo ẹyin sí abẹ́ adìyẹ kan. Ọ̀sán ni ẹni tí iná rẹ̀ ń tàn ń sọ̀rọ̀ nítorí Ìlàjẹ.

Ọ̀sán ṣì wà fún wa. A bẹ àwọn ìgbìmọ̀ ìjọ pé, bí ẹ bá ń ra ẹ̀rọ tàbí àwo agbára oòrùn fún ilé ìsìn, kí ẹ rántí ilé ìwòsàn tí ó wà ní àdúgbò yín, níbi tí oògùn àjẹsára ti ń bàjẹ́ bí ìtútù bá kúrò. Agbára tí a kó jọ fún wákàtí mẹ́ta ìsìn lè ṣọ́ ẹ̀mí ọmọ ní ọjọ́ mẹ́fà ìyókù. A bẹ ẹ̀yin olùkọ́ni pé kí ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní ibi tí iná ti ń wá, kí wọ́n lè mọ̀ pé ẹni tí ó gé wáyà ń gé ọwọ́ ara rẹ̀. A bẹ ẹ̀yin àgbẹ̀ pé bí ẹ bá gé igi kan, kí ẹ gbin méjì. A bẹ àwọn ọmọ ìjọ tí ó wà ní ipò àṣẹ pé kí wọ́n má ṣe dúró di ọjọ́ ìdìbò kí wọ́n tó rántí àwọn ìlú tí ó wà lẹ́bàá òkun. Àti olúkúlùkù wa, kí a wo ẹ̀gbẹ́ mítà ilé wa ní alẹ́ òní. Bí wáyà kan bá wà níbẹ̀ tí kò yẹ kí ó wà, kí a yọ ọ́ kí a tó kúnlẹ̀ àdúrà.

Ní àtijọ́, ọmọ tí a rán pẹ̀lú àpáàdì kì í padà lọ́wọ́ òfo. Kí Ọlọ́run, ẹni tí ó dá ìmọ́lẹ̀ ṣáájú ohun gbogbo, fún wa ní ọkàn tí yóò jí nígbà tí ilẹ̀ kò tíì ṣú. Àmín.